Bí A Ṣe Ń So Kọ̀ǹpútà Pọ̀ Nílé àti Níbi Iṣẹ́ Kékeré

Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kọ́ ara wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí bí a ṣe lè so kọ̀ǹpútà méjì, mẹ́ta, tàbí mẹ́wàá pọ̀ mọ́ ara wọn, kí wọ́n lè máa gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ara wọn. Èyí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ohun tí ó mú wa kọ ọ́ kò dùn mọ́ wa nínú. Ní ìparí ọdún ẹ̀kọ́ kan, kọ̀ǹpútà méjì ni ó wà ní ọ́fíìsì wa, pírńtà sì jẹ́ ẹyọ kan. Orí kọ̀ǹpútà kìn-ín-ní ni a ti ń kọ máàkì àwọn ọmọ, ìdí èkejì ni pírńtà wà. Fúláàṣì ni a fi ń gbé iṣẹ́ láti orí èyí lọ sí orí ìyẹn. Olùkọ́ kan rí i pé òun kò ro ojú ewé kejì ìdánwò ọmọ kan mọ́ ti àkọ́kọ́, ó sì tún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà kìn-ín-ní. Ṣùgbọ́n èyí tí a ti gbé sórí èkejì, ti àtẹ̀yìnwá ni. Òun náà ni a sì tẹ̀ jáde. Ọmọ tí ó yege ni a pè ní ẹni tí kò yege, lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ àti lójú ìyá rẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni a tó rí àṣìṣe náà. A bẹ ìyá, a bẹ ọmọ, a sì tún ìwé èsì kọ. Ṣùgbọ́n ẹyin ni ohùn; bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́.

Nígbà tí a jókòó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, a rí i pé ẹ̀bi náà kì í ṣe ti olùkọ́, kì í sì í ṣe ti ẹni tí ó tẹ̀wé. Ìwé kan náà ni ó wà ní ibi méjì. Ìwé tí ó bá wà ní ibi méjì kì í pẹ́ di ìwé méjì. Ohun tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà fún nìyẹn: kí ìwé kan wà ní ibi kan, kí gbogbo ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ sí i lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti orí ìjókòó tirẹ̀. Ẹni tí ó bá di gbólóhùn yìí mú kò ní ra ohun tí kò nílò, bẹ́ẹ̀ ni oníṣòwò kò ní fi ọ̀rọ̀ ńláńlá gba owó lọ́wọ́ rẹ̀.

IBI TÍ Ó TI BẸ̀RẸ̀

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 1969, ní yunifásítì California tí ó wà ní Los Angeles, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn tí ó wà ní Stanford Research Institute. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ ni "login". Lẹ́tà méjì péré, "l" àti "o", ni ó dé òdìkejì kí ètò náà tó dákú. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì tún gbìyànjú, ó sì já sí i lọ́jọ́ náà gan-an. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí tirẹ̀ bá dákú lẹ́ẹ̀kìn-ín-ní má ṣe sọ̀rètí nù.

Ní ọdún 1973, Robert Metcalfe àti David Boggs bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwádìí Xerox lórí okùn tí yóò so àwọn kọ̀ǹpútà inú ilé kan ṣoṣo pọ̀. Wọ́n pe iṣẹ́ náà ní Ethernet. Irú èyí tí a ń lò nílé àti ní ṣọ́ọ̀bù títí di òní, láti inú iṣẹ́ náà ni ó ti wá.

ÀWỌN OHUN ÈLÒ ÀTI IṢẸ́ WỌN

(1) Okùn. Okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní wáyà tín-ín-rín mẹ́jọ nínú, tí a lọ́ mọ́ ara wọn ní méjì méjì. Èyí tí a ń pè ní Cat5e tó fún ilé àti ibi iṣẹ́ kékeré. Kò yẹ kí okùn kan gùn ju mítà 100 lọ. Ẹ ṣọ́ra lọ́jà, nítorí pé àwọn kan ń ta okùn tí inú wáyà rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n kàn fi bàbà bò lójú. Ẹ fi ọ̀bẹ ha wáyà náà: bí inú rẹ̀ bá funfun, kì í ṣe ojúlówó bàbà.

(2) Súwíìṣì. Kì í ṣe èyí tí a fi ń tan iná. Àpótí kékeré oníhò márùn-ún, mẹ́jọ, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni. Gbogbo okùn inú ilé ni ó ń wọ inú rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà kan bá rán ọ̀rọ̀ sí pírńtà, súwíìṣì ni ó mọ ihò tí pírńtà wà, ibẹ̀ nìkan ni ó sì ń darí ọ̀rọ̀ náà sí.

(3) Ráútà. Òun ni ó wà láàárín ilé wa àti íntánẹ́ẹ̀tì. Ráútà inú ilé sábà máa ń ní ihò mẹ́rin bíi ti súwíìṣì, ó sì ń fọ́n Wi-Fi jáde. Bí ilé yín kò bá ní ju kọ̀ǹpútà mẹ́rin lọ, ẹ lè má nílò súwíìṣì rárá.

(4) Wi-Fi. Èyí kò nílò okùn, afẹ́fẹ́ ni ó ń gbà. Ẹ ó rí 2.4 GHz àti 5 GHz lára rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ń la ògiri kọjá jù, ti èkejì ń yára jù. Ògiri kọnkéré tí ó nípọn àti páànù irin ń dí i lọ́wọ́. Nítorí náà, àárín ilé ni kí a gbé ráútà sí, ní òkè díẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn fíríìjì. Fóònù ń rìn káàkiri, Wi-Fi yẹ ẹ́. Kọ̀ǹpútà tí ó ń pa ìwé mọ́ àti pírńtà kì í rìn, okùn ni ó yẹ wọ́n.

ÀDÍRẸ́SÌ

Ibí yìí ni ẹ̀rù ti máa ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tí ó mọ agbo ilé ti mọ ìdajì rẹ̀. Nínú agbo ilé, yàrá kìn-ín-ní wà, yàrá kejì wà, ó ń lọ bẹ́ẹ̀. Agbo ilé tí ó kángun sí i ní yàrá kejì tirẹ̀, kò sì sí ìjà níbẹ̀, nítorí pé inú ilé ni orúkọ yàrá mọ. Àlejò tí ó wá láti ìta, orúkọ agbo ilé ni ó mọ̀. Ẹnu ọ̀nà ni yóò dúró sí, ẹni tí ó wà níbẹ̀ ni yóò sì mú un dé yàrá tí ó ń wá.

Bákan náà ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì rí. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì, bí àpẹẹrẹ 192.168.1.10. Nínú ètò tí a sábà ń lò nílé, nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ ni orúkọ agbo ilé, èyí tí ó kẹ́yìn ni yàrá. Yàrá lè bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 254. 0 jẹ́ orúkọ agbo ilé fúnra rẹ̀, 255 sì jẹ́ ti ìpolongo, bí ìgbà tí a bá lu agogo kí gbogbo ilé lè gbọ́. Ẹni tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà ni ráútà, a sì sábà máa ń fún un ní nọ́ńbà 1.

Kí ló dé tí gbogbo kọ̀ǹpútà ayé kò fi ní àdírẹ́sì tirẹ̀ lọ́tọ̀? Irú àdírẹ́sì yìí kò ju 4,294,967,296 lọ, kò sì lè kárí ayé. Ní ọdún 1996 ni àwọn tí ó ń ṣètò íntánẹ́ẹ̀tì fi àwọn nọ́ńbà tí a yà sọ́tọ̀ fún inú ilé lélẹ̀ bí wọ́n ṣe wà dòní: àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, àwọn tí ó wà láti 172.16 dé 172.31, àti àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168. Ẹnikẹ́ni lè lò wọ́n nínú ilé tirẹ̀ láìgba àṣẹ.

Ráútà lè máa pín àdírẹ́sì fúnra rẹ̀ fún ẹ̀rọ tí ó bá wọlé. Ètò yìí ni à ń pè ní DHCP. Ó dára fún fóònù àti fún àlejò. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá lè sùn ní yàrá tí ó bá ṣófo, baálé kì í ṣí yàrá lójoojúmọ́. Pírńtà àti kọ̀ǹpútà tí ó ń pa ìwé mọ́ gbọ́dọ̀ ní àdírẹ́sì tí kì í yí padà. Ní tiwa, ráútà jẹ́ 192.168.1.1, kọ̀ǹpútà ìwé jẹ́ 192.168.1.10, pírńtà jẹ́ 192.168.1.20, a sì ní kí ráútà máa pín láti 100 dé 150 fún àwọn ìyókù.

BÍ A ṢE ṢE TIWA

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọmọ náà, a ra ráútà kan, súwíìṣì oníhò mẹ́jọ kan, àti okùn. Kọ̀ǹpútà ti di mẹ́rin nígbà náà. Báyìí ni a ṣe tẹ̀ lé e:

Èkíní, a ya àwòrán ọ́fíìsì sórí ìwé, a sàmì sí ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan yóò wà, a sì kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìwé yìí ṣì wà lára ògiri. Ẹni tí kò bá yàwòrán yóò gbàgbé láàárín oṣù kan.

Èkejì, a fi tẹ́ẹ̀pù wọn ọ̀nà tí okùn yóò gbà, a sì fi mítà méjì kún un níbi kọ̀ọ̀kan. A kò jẹ́ kí ó bá wáyà iná rìn nínú páìpù kan náà.

Ẹ̀kẹta, a to wáyà mẹ́jọ sí orí okùn bí ó ti yẹ, láti ọwọ́ òsì, nígbà tí ojú irin orí okùn kọjú sí wa: funfun aláwọ̀ ọsàn, àwọ̀ ọsàn, funfun aláwọ̀ ewé, búlúù, funfun oníbúlúù, àwọ̀ ewé, funfun oníbíráwùn, bíráwùn. Bákan náà ni kí orí méjèèjì rí. Bí wáyà kan nínú mẹ́jọ kò bá kàn dáadáa, okùn náà lè ṣiṣẹ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè máa rìn ní 100 dípò 1000, ẹ ó sì máa rò pé kọ̀ǹpútà ni ó lọ́ra.

Ẹ̀kẹrin, a so kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo mọ́ ráútà, a dán an wò. Nígbà tí ó ṣiṣẹ́ ni a so èkejì. Ẹni tí ó bá so gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kò ní mọ èyí tí ó bàjẹ́. Àṣẹ tí a fi ń dán an wò ni ping. Bí a bá tẹ "ping 192.168.1.1", ńṣe ni à ń pe ẹni ẹnu ọ̀nà. Bí ó bá dáhùn, okùn àti àdírẹ́sì ti dára. Bí ẹni ẹnu ọ̀nà bá dáhùn ṣùgbọ́n tí íntánẹ́ẹ̀tì kò wá, ìṣòro náà sábà máa ń wà ní ẹ̀yìn ráútà, kì í ṣe nínú ilé.

Ẹ̀karùn-ún, a ṣí fódà kan sórí kọ̀ǹpútà ìwé, a pè é ní "Èsì". Olùkọ́ kíláàsì kọ̀ọ̀kan lè kọ sínú ìwé kíláàsì tirẹ̀ nìkan. Ẹni tí ń tẹ̀wé lè kà á, kò lè yí i padà. Bí ó bá ti ń tẹ̀ ẹ́, èyí tí olùkọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi pamọ́ ni ó ń tẹ̀.

Ẹni tí ó ní ṣọ́ọ̀bù lè ṣe bákan náà. Dípò "Èsì", kí ó jẹ́ "Ọjà". Ẹni tí ń gbowó àti ẹni tí ó wà ní ilé ìkẹ́rùsí yóò máa wo iye ọjà kan náà, kò ní sí pé ẹnìkan ń gba owó ohun tí ó ti tán.

ÀṢÌṢE TÍ A ṢE, KÍ Ẹ MÁ ṢE É

Àkọ́kọ́, a fún ẹ̀rọ méjì ní àdírẹ́sì kan. Bí ìgbà tí ènìyàn méjì bá ń jẹ́ ìpè kan náà ni. Nígbà mìíràn pírńtà á dáhùn, nígbà mìíràn kò ní dáhùn. Ìwé ara ògiri ni ó fi hàn wá.

Èkejì, ẹnìkan rí orí okùn tí ó ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó ní òun ń ṣe ìmọ́tótó, ó sì kì í bọ inú ihò súwíìṣì. Kò mọ̀ pé orí kejì okùn náà ti wà nínú súwíìṣì kan náà. Láàárín ìṣẹ́jú kan, gbogbo ẹ̀rọ dákú. Ìpolongo kan ṣoṣo ni ó ń yí po láti ihò kan dé ìkejì tí kò dáwọ́ dúró, títí ọ̀nà fi kún. A lo odidi ọ̀sán kí a tó rí i. Láti ìgbà náà, a ń lẹ orúkọ mọ́ orí okùn kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀kẹta, a fẹ́ na okùn bàbà láti ọ́fíìsì dé ilé kejì tí ó wà ní òdìkejì ọgbà. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yìí jù wá lọ ni ó dá wa dúró. Bí àrá bá sán nítòsí, okùn bàbà tí ó gba ìta lè gbé agbára rẹ̀ wọlé, kí ó sì jó ẹ̀rọ ilé méjèèjì. Láàárín ilé méjì, okùn oní-dígí tí ń gbé ìmọ́lẹ̀, tàbí Wi-Fi tí a kọjú síra wọn, ni ó yẹ.

Ohun kan sì tún wà tí ó máa ń da ènìyàn lójú rú. Bí kọ̀ǹpútà bá fi hàn pé àdírẹ́sì òun bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, ó túmọ̀ sí pé ó pe ráútà títí, kò gbọ́ ìdáhùn, ni ó bá fún ara rẹ̀ ní nọ́ńbà. Ẹ yẹ okùn wò kí ẹ tó bá ohun mìíràn jà.

ÀÀBÒ

Ilé tí a kọ́ tí a kò ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ti olè ni. Páásíwọ̀ọ̀dù tí ó bá ráútà wá láti ilé iṣẹ́, ẹ yí i padà lọ́jọ́ tí ẹ bá tú u nínú páálí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n. Lórí Wi-Fi, ẹ yan WPA2, èyí tí ó jáde ní ọdún 2004, tàbí WPA3 tí ó jáde ní ọdún 2018. Ẹ má ṣe lo WEP. Láti ọdún 2001 ni àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé ó rọrùn láti já. Ẹ ya Wi-Fi àlejò sọ́tọ̀, kí oníbàárà tí ó fẹ́ lo íntánẹ́ẹ̀tì má baà rí ìwé owó yín.

Ẹnìkan lè béèrè pé: ṣebí ẹ ní kí ìwé wà ní ibi kan, bí kọ̀ǹpútà náà bá wá bàjẹ́ ńkọ́? Ìbéèrè náà dára. Lálaalẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni a ń ṣe ẹ̀dà sórí díìsìkì kan, a ń kọ ọjọ́ sí i lára, a sì ń gbé e lọ sí ilé mìíràn. Ẹ̀dà yìí, ẹnikẹ́ni kì í kọ ohunkóhun sínú rẹ̀. Títọ́jú ni a tọ́jú rẹ̀, a kì í fi í ṣiṣẹ́. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín rẹ̀ àti fúláàṣì ọjọ́sí nìyẹn. Kọ̀ǹpútà ìwé, ráútà àti súwíìṣì náà sì wà lórí UPS, kí iná má baà lọ nígbà tí olùkọ́ ń fi máàkì pamọ́.

BÍ AKẸ́KỌ̀Ọ́ ṢE LÈ KỌ́ Ọ

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ kò nílò owó púpọ̀. Kọ̀ǹpútà ògbólógbòó méjì àti okùn kan tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fún ọ̀kan ní 192.168.1.2, ẹ fún èkejì ní 192.168.1.3, kí ẹ fi ping pe ọ̀kan láti orí èkejì. Lẹ́yìn náà, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ba á jẹ́: ẹ fún méjèèjì ní àdírẹ́sì kan, ẹ yọ okùn, ẹ wo ohun tí yóò sọ. Ẹni tí ó ti bà á jẹ́ rí ni ó lè tún un ṣe kíákíá. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ méjì lè lo ètò Packet Tracer ti Cisco, tí a ń fi àwòrán kọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Iṣẹ́ ọwọ́ ni èyí, bíi iṣẹ́ káfíńtà àti iṣẹ́ télọ̀. Ó lè bọ́ ẹni tí ó bá fara balẹ̀ kọ́ ọ.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé èyí tí a ṣàṣìṣe, ìyá ọmọ tí a sọ ìtàn rẹ̀ wá gba ìwé èsì. Ó jókòó sí ọ́fíìsì wa, ó yọ bíró, ó sì ro máàkì ọmọ rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀ níwájú wa. Ó bá a mu. A kò bínú sí i, nítorí pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Okùn lè mú kí ìwé wà ní ibi kan, kò lè ro máàkì tí olùkọ́ kò rò. Èyí kù sí ọwọ́ wa.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN AKẸ́KỌ̀Ọ́

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín súwíìṣì àti ráútà?
2. Kí ló dé tí pírńtà fi nílò àdírẹ́sì tí kì í yí padà?
3. Kọ̀ǹpútà kan fi àdírẹ́sì 169.254.8.3 hàn. Kí ni ìwọ yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò?
4. Ya àwòrán nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣọ́ọ̀bù tí ó ní kọ̀ǹpútà mẹ́ta àti pírńtà kan, kí o sì kọ àdírẹ́sì ọ̀kọ̀ọ̀kan sí i.
5. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀dà tí a fi pamọ́ àti ìwé méjì tí a ń lò pọ̀?